Ta Ni A Ń Kọ Ìwé Ìmọ̀ Ìjìnlẹ̀ Fún?

Ẹni tó bá wọ ilé ìtàwé ní Bucharest, olú-ìlú Ròmáníà, yóò bá ìwé ìtàn, ìwé sáyẹ́ǹsì àti ìwé nípa ẹ̀sìn tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lórí àtẹ, èdè abínibí wọn ni wọ́n sì fi kọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn ènìyàn yìí kò pọ̀ títí. Ìkànìyàn ọdún 2021 kò rí ju mílíọ̀nù 19 àti díẹ̀ lọ nílẹ̀ náà. Yorùbá tó wà ní Nàìjíríà nìkan ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ká má tíì ka àwọn tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin, ní Tógò àti lókè òkun. Síbẹ̀, kí ènìyàn jáde ní Òkè-Àdó ní Ìbàdàn níbí, kí ó gba ojú títì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kí ó máa wọ ilé ìtàwé kan bọ́ sí òmíràn, kí ó sì bèèrè ìwé ìtàn Ìbàdàn tí ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì kan fi Yorùbá kọ láàárín ogún ọdún sẹ́yìn. Yóò rí Bíbélì, yóò rí ìwé orin, yóò rí ìtàn àròsọ àti ìwé ìmúrasílẹ̀ fún ìdánwò. Tó bá kan ìwé tí a fi ìwádìí gbé kalẹ̀, tí a tọ́ka sí ẹ̀rí rẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò nà sí i, bí wọ́n bá tilẹ̀ ní in.

Ìlú tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣẹlẹ̀ ló jẹ́ kó wuwo lójú wa. Ìbàdàn ni yunifásítì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, Ìbàdàn náà sì ni ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé ńláńlá orílẹ̀-èdè yìí fìdí kalẹ̀ sí, láti Jẹ́ríkò títí dé Mọ́lété. Nínú ìlú tí ìwé ti ń jáde tó báyìí, àwọn tó ni ìtàn, tó ni ẹ̀sìn, tó ni ewé àti egbò tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń kọ̀wé lé lórí kò lè ka ohun tí a kọ nípa wọn. Èrò ìwé ìròyìn yìí ni pé kò sí ohun tó ṣe èdè Yorùbá tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ètò tí àwọn yunifásítì wa fi ń díwọ̀n iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé ló fà á jù, owó ìlú ló sì ń gbé ètò náà ró. Nítorí náà ni a ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú ni, tí kò yẹ kí a fi sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ èdè nìkan.

Kò rí báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1898, nígbà tí kò tíì sí yunifásítì kankan ní gbogbo agbègbè yìí, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tó ń jẹ́ E. M. Lijadu fi Yorùbá kọ ìwé lórí Ifá, ó sì tún kọ òmíràn lórí Ọ̀rúnmìlà ní 1908. Kristẹni ni, iṣẹ́ ìwàásù ló sì wà lọ́kàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jókòó ti àwọn babaláwo, ó kọ ohun tí wọ́n wí sílẹ̀, ó sì bá a jiyàn lójú àwọn òǹkàwé tó mọ̀ bóyá òótọ́ ló sọ. Ní 1911, Isaac Babalọlá Akinyẹle tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde. Ọmọ ìlú ló kọ ọ́ fún ọmọ ìlú: ìtẹ̀dó, ogun, oyè, orúkọ àwọn ìjòyè àti ìlú tó wà lágbègbè bí Ìwó, Òṣogbo àti Ìkìrun, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọkùnrin yìí náà ló jẹ Olúbàdàn ní 1955, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé tó kọ ìtàn Ìbàdàn lẹ́yìn rẹ̀ ló sì tọ́ka sí ìwé náà. Ní 1914, M. C. Adéyẹmí kọ ti Ọ̀yọ́-Ilé àti Ọ̀yọ́ ìsinsìnyí. Ní 1934, N. D. Oyèrìndé kọ ti Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sí yunifásítì tó sanwó oṣù fún ìkankan nínú wọn láti kọ̀wé, kò sì sí ìgbìmọ̀ tó ń dúró láti fún wọn ní máàkì. Wọ́n kọ̀wé nítorí pé àwọn aládùúgbò wọn yóò kà á, àwọn aládùúgbò yìí kan náà ni yóò sì bá wọn fà á bí wọ́n bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

Yunifásítì wá dé ní 1948. A ò ní ṣe bí ẹni tí kò mọ oore tó ṣe wá. Àwọn òpìtàn tó jáde láti ọ̀dọ̀ Kenneth Dike àti J. F. Adé Àjàyí ló kọ́ ayé pé Áfíríkà ní ìtàn kí òyìnbó tó dé, tí wọ́n gba àrọ́bá àti ìtàn ẹnu àwọn àgbà bí ẹ̀rí tó ṣe é gbé yẹ̀ wò. Ìwé Àjàyí lórí àwọn míṣọ́nnárì jáde ní 1965, ti E. A. Ayandele tẹ̀lé e ní 1966, ti T. G. O. Gbàdàmọ́sí lórí bí ìsìn Ìsìláàmù ṣe gbilẹ̀ láàárín Yorùbá jáde ní 1978. Bọ́lájí Ìdòwú, tó padà di olórí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, kọ ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè ní 1962. Tóyìn Fálọlá, ọmọ Ìbàdàn, kọ̀wé lórí ètò ọrọ̀ ajé Ìbàdàn ayé àtijọ́ ní 1984, ó sì kọ òmíràn tó gbòòrò lórí ìlú yìí, tí ilé-iṣẹ́ Bookcraft tẹ̀ jáde níbí ní 2012. J. D. Y. Peel, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn láàárín wa, kọ ìwé tó gbẹ̀yìn rẹ̀ lórí ẹ̀sìn Kristẹni, Ìsìláàmù àti ẹ̀sìn òrìṣà. Ó jáde ní 2016 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé gidi ni gbogbo wọn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni gbogbo wọn. Àláfà tó ń kọ́ ọmọ ní kéwú lẹ́bàá mọ́sálááṣí ńlá Ọjà'ba, tó gbọ́ Lárúbáwá yékéyéké, tó sì ń ka Yorùbá láìfọ̀tápè, kò lè mọ ohun tí Gbàdàmọ́sí rí nínú ìwádìí nípa àwọn àláfà tó ṣáájú rẹ̀. Àláfà yìí kì í ṣe aláìmọ̀wé ènìyàn rárá.

Ti sáyẹ́ǹsì ló burú jù. Ẹ wo iwájú ìsọ̀ lẹ́kúlẹ́jà kan ní Ọjà'ba: èèpo ọ̀gànwó tí wọ́n dì ní ìdìkudì, egbò ìpẹ̀ta, ataare, ewé gbígbẹ oríṣiríṣi, kálukú pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti ohun tí wọ́n ń lò ó fún. Ọ̀dọ̀ irú àwọn ìyá báyìí ni àwọn olùwádìí ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ra ewé, wọ́n á bèèrè orúkọ, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ní 1984, Z. O. Gbile ti ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa igbó ní Jẹ́ríkò ṣe àkójọ orúkọ Yorùbá àwọn igi àti ewéko pẹ̀lú orúkọ tí àwọn onímọ̀ ayé ń pè wọ́n, iṣẹ́ tó wúlò títí di òní. Ṣùgbọ́n bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé èèpo kan ń ba ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín jẹ́ bí a bá lò ó pẹ́, inú jọ́nà ilẹ̀ òkèèrè ni èsì náà yóò ti jáde, ìyá tí wọ́n ra èèpo náà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò sì máa tà á lọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni èyí ti dà. Ohun ìtìjú kan sì tún wà níbẹ̀. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó di babaláwo, kó ju irinwó ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà lo ewé jọ sínú ìwé kan, pẹ̀lú ọfọ̀ wọn lédè Yorùbá, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1995. Orílẹ̀-èdè Brazil ló ti tẹ̀ ẹ́, èdè Potogí ló sì fi tú u. Ará Brazil lè kà á pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ lónìí ti rí nǹkan ńlá.

Kí ló dé tí àwọn ọ̀mọ̀wé wa kò kọ̀wé fún wa? Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Olùkọ́ yunifásítì tó bá ń wá ìgbéga gbọ́dọ̀ kó iṣẹ́ tó ti tẹ̀ jáde kalẹ̀, jọ́nà ilẹ̀ òkèèrè ló sì níyì jù lójú àwọn tó ń ṣírò rẹ̀. Àfi bó bá jẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá, ìwé tó bá fi Yorùbá kọ kò ní sún un síwájú. Bó bá fi ọdún mẹ́ta tú ìwé ara rẹ̀ fún àwọn ará ìlú rẹ̀, ọdún mẹ́ta ló fi ṣòfò lójú ìgbìmọ̀. Ta ni yóò wá ṣe é? A kò lè máa bú ènìyàn pé kò ṣe ohun tí a ti kìlọ̀ fún un pé kò ní lérè. Àwọn tó ṣe é ṣe é nítorí ìfẹ́, ipò wọn sì ti fìdí múlẹ̀ kí wọ́n tó dáwọ́ lé e. Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ Fonọ́lọ́jì àti Gírámà Yorùbá ní 1990, ilé ìtẹ̀wé University Press níbí ló sì tẹ̀ ẹ́. Ọládélé Awóbùlúyì kọ ìwé lórí ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ Yorùbá ní 2008, ó tún kọ ti gírámà ní 2013. Ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdè le koko, ó ní òfin àti àlàyé tó takókó bíi ti físíìsì, síbẹ̀ Yorùbá gbé e.

Ìyẹn ni yóò jẹ́ ká dá àwọn tó ń sọ pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún sáyẹ́ǹsì lóhùn. Kò sí èdè tí wọ́n bí ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì mọ́. Àwọn ará Ròmáníà tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ń jà lórí álífábẹ́ẹ̀tì títí di nǹkan bí 1860, tí wọ́n fi àwọn lẹ́tà tó jọ ti Rọ́ṣíà sílẹ̀, tí wọ́n gba ti Látìn. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ tó padà di Akadẹ́mì Ròmáníà sílẹ̀ ní 1866, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ni akọ́tọ́, gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè. Nílẹ̀ wa náà, Ìwé Ìròyìn tí míṣọ́nnárì Henry Townsend dá sílẹ̀ ti ń jáde ní Abẹ́òkúta láti 1859. Ní 1875, àwọn aṣáájú wa pàdé ní Èkó lórí akọ́tọ́ Yorùbá. Sáà kan náà ni àwa àti wọn jọ ń tún èdè kọ. Ohun tó ya wá sọ́tọ̀ ni pé ìjọba wọn àti yunifásítì wọn tẹ̀ síwájú pẹ̀lú iṣẹ́ náà, tiwa sì dúró lójú ọ̀nà. A ṣe é dé àyè kan: ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá àkọ́kọ́ jáde ní 1984 lábẹ́ Bámgbóṣé, èkejì jáde ní 1990 lábẹ́ Awóbùlúyì. Ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n gbájú mọ́. Kò yẹ kó parí síbẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣílẹ̀kùn lónìí, kí a má fi Yorùbá ti àwọn ọmọ wa mọ́nú ilé. Ìjọba àpapọ̀ gan-an gbè sẹ́yìn èrò yìí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, nígbà tí Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, Túnjí Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé ìlànà 2022 tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìdánwò tí àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi ni ó fi ṣe àwíjàre. Ẹ̀rí tó wà nílé wa yàtọ̀ sí èyí. Ní 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́: ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè kan. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ nínú iṣẹ́ yòókù. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ pa ti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tì. Ohun tí a ń bèèrè kò dí ọmọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì ní kí ọ̀jọ̀gbọ́n kankan má kọ̀wé sí ayé. Ọ̀mọ̀wé Ròmáníà tó fẹ́ kí ará Amẹ́ríkà gbọ́ ohùn òun ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tún ń kọ ti ilé. Ti ilé yìí ni tiwa kò sí.

Àwọn atẹ̀wé ní àwíjàre tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ju ti gbogbo àwọn tó kù lọ. Láti 1986 tí náírà ti bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ ni bébà àti íńkì ti di ọ̀wọ́n. Ilé-iṣẹ́ bébà mẹ́ta tí ìjọba kọ́, títí kan ti Ìwópin ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ló ti kú. Ìwé tí ìjọba bá fọwọ́ sí fún ilé-ẹ̀kọ́ ló ń bọ́ atẹ̀wé. Ìwé ìjìnlẹ̀ lè wà lórí àtẹ fún ọdún mẹ́wàá kí ẹgbẹ̀rún kan tó tà nínú rẹ̀, ti Yorùbá yóò sì tún ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀rẹ̀. Òótọ́ tún ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó kàwé ló ń ka Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ìrọ̀rùn ju Yorùbá tí a fi àmì ohùn sí lọ. A gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn Aláròyé ti fi hàn láti ọdún pípẹ́ pé àgbàlagbà tó ń ka Yorùbá yóò fi owó àpò ara rẹ̀ ra ohun tó bá nítumọ̀ sí i, ìwé orin àti Bíbélì kò sì tíì dẹ́kun títà. Kò sí ẹni tó lè sọ pé òǹkàwé kò sí fún ohun tí a kò tíì gbé síwájú wọn rí. Ní ti owó, kò pọn dandan kí ìwé kọ̀ọ̀kan nípọn bíi ti Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ẹ̀dà olójú ewé igba tí ẹni tó kọ ìwé náà fúnra rẹ̀ bá bójú tó yóò ṣe ẹgbẹ́ ìlú láǹfààní ju àpò ìwé kan tó wà nínú àpótí lọ.

Yunifásítì Ìbàdàn ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé ìgbésẹ̀, nítorí òun ni àgbà. Kí Sẹ́nétì rẹ̀ fi sínú òfin ìgbéga pé ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tí a fi èdè Nàìjíríà kọ, tí àwọn onímọ̀ mìíràn sì ti yẹ̀ wò, yóò gba máàkì kan náà pẹ̀lú ti Gẹ̀ẹ́sì, ní ẹ̀kọ́ yòówù kó jẹ́. Kí wọ́n sì pa á láṣẹ pé àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé tó bá dá lórí ìlú, ẹ̀sìn, ìlera tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá gbọ́dọ̀ ní àkótán olójú ewé ogún lédè Yorùbá, kí ilé ìkàwé Kenneth Dike gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Kò ní ná wọn lówó tó nǹkan. Ifẹ̀, Èkó, Adó-Èkìtì àti Ògbómọ̀ṣọ́ yóò tẹ̀lé e bí Ìbàdàn bá ṣáájú. TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fi owó ran ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, tí ìdá kan nínú owó orí àwọn ilé-iṣẹ́ ń wọ àpò rẹ̀, ti ní owó tó ń yà sọ́tọ̀ fún ìwé yunifásítì; kí ó ya ìdá kan nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìwé tí a fi èdè ilẹ̀ wa kọ.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni yóò yanjú ọ̀rọ̀ ọjà. Bí ìjọba bá ṣèlérí nínú ìṣúná rẹ̀ pé òun yóò ra ẹ̀dà kan fún ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba kọ̀ọ̀kan àti ilé ìkàwé ìlú kọ̀ọ̀kan, atẹ̀wé yóò mọ iye tó dájú pé yóò tà kó tó ra bébà. Àjọ DAWN tó wà ní Cocoa House, tó ń rí sí ìdàgbàsókè ilẹ̀ Yorùbá, ni ó bọ́gbọ́n mu kí ó pe àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ náà jọ lórí èdè-ìperí, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlera àti iṣẹ́ àgbẹ̀, kí àwọn lẹ́kúlẹ́jà, àgbẹ̀ àti babaláwo sì jókòó nínú ìgbìmọ̀ náà pẹ̀lú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ náà ti wà tẹ́lẹ̀. A ò ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún ìwé. Mẹ́ta péré ti tó fún ọdún kan: ìwé Fálọlá lórí Ìbàdàn fún ìtàn, ti Gbàdàmọ́sí fún ẹ̀sìn, àti ìwé tuntun kan lórí ewé tó ń wo àìsàn àti ewé tó ń pani, kí a lo àkójọ Gbile gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀ rẹ̀. Kí àwọn ilé ìtẹ̀wé tó ni ẹ̀tọ́ àwọn ìwé wọ̀nyí yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹ̀dà Yorùbá ní owó pọ́ọ́kú.

Àwa oníwèé ìròyìn náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. A ti kọ ìròyìn ìfilọ́lẹ̀ ìwé láìmọye, a ya àwòrán gómìnà àti àwọn olówó tó wá náwó níbẹ̀, a kì í sì í sọ fún òǹkàwé ohun tí ìwé náà wí. Láti oṣù tó ń bọ̀, ojú ewé kan yóò máa wà nínú ìwé ìròyìn yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀mọ̀wé tó bá fẹ́ ṣàlàyé ìwádìí rẹ̀ lédè Yorùbá, a kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní báyìí, a ń rọ Ọ̀gá Àgbà Yunifásítì Ìbàdàn pé kí ó gbé àtúnṣe òfin ìgbéga náà síwájú Sẹ́nétì kí sáà ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ará ìlú mọ ẹni tó fọwọ́ sí i àti ẹni tó kọ̀ ọ́.